Igbe Tí Ajá Ń Ké Lábẹ́ Ilé Onkeo

Ní abúlé Ban Nahom, nílẹ̀ tó bá Vietnam pààlà, bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ké fíìì láàárín oko láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ni ín. Onkeo ni. Òun àti Ajá rẹ̀ ti jáde.

Ajá yìí kì í ṣe ẹran. Ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ ni: ọ̀pá gígùn kan, àwo pẹlẹbẹ nídìí rẹ̀, àpótí kékeré lókè rẹ̀. Bí àwo bá kọjá lórí irin, àpótí á ké. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ìhà Vietnam bọ̀ ló ń tà á. Onkeo ló sọ ọ́ ní Ajá. Ó ní ó ń gbóòórùn ohun tí ojú ò rí, ó sì tún máa ń gbó nígbà tí kò sí olè. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé e kọ́ èjìká kiri oko, tó ń wá àjákù irin tà, kò sì sí ìka kan tó dín lára ọwọ́ rẹ̀. Ní Ban Nahom, ìyẹn tó ohun tí èèyàn lè fi fọ́nnu.

Ó sì ń fọ́nnu. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹnu Onkeo mú. Bó bá rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ, á dúró lórí wọn bí ìyá ọkọ.

"Ẹ̀ ń walẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa," á ní. "Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wà á, kì í ṣe orí. Ẹ rọra kó yẹ̀pẹ̀ kúrò bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn. Bó bá rí roboto tó sì kéré, ẹ dìde, ẹ ki ẹ̀ka igi mọ́ ibẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Phout nìkan ló lè dá a lóhùn. Phout ni aládùúgbò rẹ̀ tó ń yọ́ irin fífúyẹ́ ara ọkọ̀ òfúrufú tó ti já lulẹ̀ láyé ogun, tó ń fi í rọ ṣíbí. Ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, wọn ò sì bọ̀wọ̀ fúnra wọn rárá.

"Ìyá Sengdao," Phout á ní, "lọ́jọ́ tó o bá kú, a máa sun Ajá mọ́ ẹ ni, kó lè máa gbó fún ẹ lọ́run."

"Bó bá jẹ́ ìwọ ló ṣáájú," Onkeo á dáhùn, "ṣíbí rẹ la máa fi kó eérú rẹ. Èyí tó wọ́ nínú wọn."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àtifọ́nnu ni Onkeo fi ra ẹ̀rọ náà. Khamsing ọkọ rẹ̀ ló ń túlẹ̀ oko ìrẹsì lọ́jọ́ kan tí ọkọ́ rẹ̀ ba bọ́ńbì. Bọ́ńbì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin ni, kò tóbi ju ọsàn lọ. Láyé ogun, ọkọ̀ òfúrufú a ju èèpo irin ńlá kan sílẹ̀, èèpo náà á là sí méjì lójú ọ̀run, ọgọ́rọ̀ọ̀rún bọ́ńbì á sì dà jáde bí ẹni da àgbàdo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bú. Wọ́n kàn rì sínú ilẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀. Èyí tí Khamsing bá pàdé ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí Khamsing gan-an. Nígbà tí wọ́n sun òkú rẹ̀ tán, Onkeo ta màlúù kan, ó ra ẹ̀rọ, ó sì fẹsẹ̀ wọn oko náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Sengdao, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó ní ilẹ̀ tó jẹ bàbá ọmọ náà ò ní jẹ ọmọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé ìdí tó fi ń jí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Khamsing ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Orí òpó ni ilé wọn máa ń wà, kí ẹran lè wọlé sábẹ́, kí omi òjò sì lè ráyè kọjá. Àwọn aráyé ibòmíràn á fi igi ṣe òpó. Ní Ban Nahom, èèpo bọ́ǹbù ńlá yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdajì èèpo tó gùn ju èèyàn lọ, tó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Wọ́n á nà án dúró, wọ́n á ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ilé lé e lórí. Ikán ò lè jẹ ẹ́, kì í jẹrà. Mẹ́jọ ni Khamsing rì, gbogbo abúlé ló sì wá wò ó, torí pé òpó ẹlòmíràn kò gún tó tiẹ̀.

Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí Onkeo bá gbé Ajá dé ilé tí kò tíì pa á, igbe ni. Bí wọ́n bá ti wọ abẹ́ ilé báyìí, fíìì títí. Onkeo á gbá a lórí pẹ́ẹ́.

"Dákẹ́," á ní. "Òpó ilé wa lò ń kí. Ó ti gbọ́."

Sengdao gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi dàgbà. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, pé ajá ilé àwọn kì í jáni jẹ, òpó ló ń kí. Abẹ́ ilé yẹn ló ti kọ́ ìrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n so àwọ̀n ìsùn rẹ̀ mọ́ òpó, tí wọ́n ń fì í nínú rẹ̀, nígbà tó wà ní ìkókó. Adìẹ ń tu ilẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ta ló fẹ́ bẹ̀rù abẹ́ ilé ara rẹ̀?

Sengdao lọ́kọ. Bounlop ni wọ́n ń pe ọkọ náà, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ bí àṣà wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rọra ni. Tó bá ń rìn, ẹ lè rò pé ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Onkeo ò sinmi lórí rẹ̀.

"Bounlop, bó o bá ń bọ̀ láti ìdí kànga, sọ fún wa, ká lè lọ tún omi míràn pọn."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Omi tó bá yára máa ń dà ni."

Aboyún ni Sengdao lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ó rọbí nígbà òtútù, tí kùrukùru máa ń bo òkè títí oòrùn á fi ga. Ọmọ ò jáde. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú ìlú, àwọn dókítà sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó wà láàyè, ìyá rẹ̀ náà wà láàyè. Onkeo gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó kàn ń gbóòórùn orí ọmọ náà ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Lamngeun.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá bímọ gbọ́dọ̀ sùn ti iná. Wọ́n á to ibùsùn oparun, wọ́n á dáná ẹ̀yín iná sábẹ́ rẹ̀, ọlọ́mọ tuntun á sùn sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Omi gbígbóná tí wọ́n fi èèpo igi sè ni yóò máa mu, ìrẹsì sísun àti iyọ̀ ni yóò máa jẹ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ọmọ àkọ́bí, iná náà kò sì gbọdọ̀ kú. Bó bá kú, òtútù á wọ inú ìyá ọmọ, kò sì ní jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú. Kò sí àgbàlagbà obìnrin kan ní Ban Nahom tó máa gbọ́ àlàyé míràn lórí rẹ̀.

Òkè ilé, lórí ààrò alámọ̀, ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Sengdao tí wọ́n rán nínú kò lè gun àkàsọ̀. Ó gun ẹyọ kan, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì jókòó síbẹ̀ ó ń sunkún.

"Ẹ jẹ́ ká to ibùsùn sábẹ́ ilé," ni Onkeo wí. "A máa fi ẹní oparun dí afẹ́fẹ́ yíká. Ibẹ̀ á tiẹ̀ móoru ju òkè lọ."

Gbogbo èèyàn ló ní ọgbọ́n ni. Bounlop nìkan ló dúró, tó ń wo ilẹ̀.

"Màmá," ó ní, "a ò dáná níbí rí. Ṣé kí n gbé Ajá yí ibẹ̀ ká ná?"

Onkeo rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Gbé e," ló wí. "Á ké. Bó o bá gbé e sọ́tùn-ún, á ké, bó o bá gbé e sósì, á ké. Òpó mẹ́jọ ló yí ọ ká. Kí lo fẹ́ fi igbe rẹ̀ mọ̀? Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ mi. Lọ wá igi wá."

Bounlop lọ wá igi. Ó ní "Ó dáa, Màmá," ó sì lọ. Onkeo fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú iná sáàárín òpó, ó dá iná náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bi í lọ́jọ́ náà, á ní inú òun kò dùn tó báyìí láti ìgbà tí Khamsing ti kú.

Ọjọ́ mẹ́fà, iná ò kú. Onkeo ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Sengdao bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára, ọmú rẹ̀ kún, ó sì ń ráhùn pé ooru ti fẹ́ sun òun jinná.

"Ṣé abiyamọ ni mí àbí ẹja?" ló bi ìyá rẹ̀.

"Ẹja kì í sọ̀rọ̀," ni Onkeo wí, ó sì tún igi kì bọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn kùrukùru. Sengdao sùn lọ lórí ibùsùn, Lamngeun lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Bounlop ti gba ọ̀nà òkè lọ wá igi. Eérú ti pọ̀ jù lójú iná, ẹ̀yín iná ò mí dáadáa mọ́. Onkeo mú ọkọ́ kékeré tó fi ń wá irin, ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ eérú jáde díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ́ náà dún kọ́.

Kò dún sókè. Ẹlòmíràn kì bá tí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Onkeo gbọ́ ọ. Òkúta kì í dún báyẹn, ìṣó kì í dún báyẹn, àgádá kì í dún báyẹn. Ọwọ́ tó ti ń gbọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlá dúró fúnra rẹ̀ kí orí tó sọ fún un pé kó dúró. Ó tẹ orí wálẹ̀. Ó fẹ́ eérú náà pẹ̀lú ẹnu, fẹ́ẹ́. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ iná ti gbẹ, ó ti là, ara rẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀. Nínú ibi tó là, ohun roboto kan yọ orí bí ẹyin, ìlà tó yí i ká láàárín hàn kedere. Ẹ̀yín iná pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Onkeo gbójú sókè wo ibùsùn. Ó rí i pé ìwọ̀n apá kan péré ló wà láàárín nǹkan yẹn àti ẹ̀yìn ọmọ òun. Ọjọ́ mẹ́fà. Òun fúnra òun ló ń kì igi bọ̀ ọ́.

Ó fi ọkọ́ sílẹ̀ síbi tó wà, kò fà á. Kò da omi sí i, torí ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó da omi sí i ní abúlé kejì. Ó dìde. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sengdao.

"Sengdao. Gbé ọmọ fún mi."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, Màmá."

"Gbé e fún mi. Rọra dìde. A fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Phout."

Sengdao la ojú. "Báwo lẹ ṣe ní kí n kúrò lórí iná? Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Ejò wà níbẹ̀."

"Ejò? Nínú iná?"

"Òtútù ló mú un. Dìde, ọmọ mi. Má fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan kan."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni Sengdao gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó ní láti kékeré òun ò gbọ́ kí ìyá òun rọra sọ̀rọ̀ báyẹn rí, ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù ba òun nìyẹn. Ó dìde. Onkeo fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ àyà ara rẹ̀, ó fi apá Sengdao kọ́ ọrùn, ó sì di ìbàdí rẹ̀ mú. Wọ́n ń lọ. Ẹni tí wọ́n rán nínú ò lè sáré, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ò sì lè gbé ẹni ogún ọdún. Ẹsẹ̀ kan, wọ́n á dúró. Ẹsẹ̀ kejì, Sengdao á kérora. Wọ́n kọjá àká ìrẹsì. Onkeo ń ka ẹsẹ̀ náà lọ́kàn, ó fẹ́ dé ẹ̀yìn òkìtì gíga tó pààlà oko, ó sì mọ̀ pé wọn ò tíì dé ìdajì. Ó ní gbogbo ara òun ti di ẹ̀yìn nìkan, ẹ̀yìn tó ń dúró de ohun tó máa bà á.

Wọ́n dé òkìtì. Ó tẹ́ Sengdao lé ilẹ̀ tútù lẹ́yìn rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bo ìyá àti ọmọ. Ibẹ̀ ló ti yọ ojú, tó sì rí Bounlop.

Bounlop ń sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀nà òkè, ìtì igi léjìká, ó ń lọ síbi iná. Ó ti fẹ́ dé ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé.

"Bounlop, dúró!"

Bounlop wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí orí ìyá ìyàwó rẹ̀ lókè òkìtì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Lójoojúmọ́ lẹ ń ní mi ò yára," ló ké padà. "Òní tí mo yára, ẹ ní kí n dúró."

Ṣùgbọ́n ó dúró. Ìwà rẹ̀ ni, bí ẹ bá ní kó dúró, kì í ṣòro fún un. Ó dúró lẹ́yìn igi máńgòrò, ó fẹ́ gbé ìtì igi sọ́wọ́ kejì, ó yí i síwájú àyà rẹ̀.

Bọ́ńbì náà bú.

Ariwo tó pọ̀ gan-an kì í ní ohùn létí. Ilẹ̀ ló gbá Onkeo ní ikùn. Nígbà tó gbójú sókè, kùrukùru ti di eruku, ewé máńgòrò ń já sílẹ̀ bí òjò, adìẹ kan ń yí po lójú kan láìlórí. Ilé ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibùsùn oparun kò sí. Ohun tó kù nínú rẹ̀ wà lára ògiri àká, ó gún un bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ki orí rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo Lamngeun rọ̀ sórí okùn, ihò sì pọ̀ lára rẹ̀ ju aṣọ lọ.

Lamngeun ò sunkún. Onkeo ṣí ọ̀já, ó ń fi ọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀, orí, ọrùn, ìka ẹsẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, ó yán, ó sì ń wá ọmú.

Bounlop ń bọ̀. Ó ń rìn bó ṣe máa ń rìn. Ìtì igi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé òun gbé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni Onkeo rí ohun tó wà lára igi náà: ọta irin wẹ́wẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n rì sínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń dán. Ọ̀kan wà gẹ́rẹ́ níwájú ibi tí àyà rẹ̀ ti wà. Bounlop wò ó, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbé igi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

Ilé Phout ni wọ́n sá lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo obìnrin abúlé ti pé síbẹ̀, ohùn wọn sì ṣọ̀kan: ara Sengdao ń gbọ̀n, ẹ tètè dáná. Onkeo ní rárá. Ó dúró lójú ààrò Phout lókè ilé, ó na apá méjèèjì.

"Kò sẹ́ni tó máa dáná kan sábẹ́ ọmọ mi."

"Ìyá Sengdao," ni Phout wí, kò sì fi ṣàwàdà, "àpótí igi ló wà níbẹ̀, amọ̀ ni mo rọ sínú rẹ̀. Kò kan ilẹ̀. Mo ti ń dáná níbẹ̀ fún ogún ọdún."

"Ọdún mélòó ni mo fi gbé ilé tèmi?"

Phout wọ inú ilé, ó gbé asẹ́ ìrẹsì jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Onkeo jókòó. Ó tú amọ̀ ààrò náà, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó ń sẹ́ ẹ. Phout ń bá a gbé asẹ́, òun tó lè fi irú ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tí kò sí ohunkóhun tó kù nínú àpótí náà àfi igi ìsàlẹ̀ rẹ̀, Onkeo gbà kí wọ́n tún un rọ, kí wọ́n sì dáná. Kò sùn lọ́jọ́ náà, kò sùn lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn tó ń kó bọ́ǹbù kúrò nínú ilẹ̀ wá láti ìlú. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́, na okùn pupa yí ilé ká. Ó ní àwọn ò lè gbọ́ nǹkan kan pẹ̀lú òpó wọ̀nyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò. Wọ́n tú ilé náà pátákó pátákó. Wọ́n hú òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí Khamsing rì, wọ́n gbé wọn lọ sẹ́yìn oko. Onkeo dúró lẹ́yìn okùn, Bounlop lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ìhòòhò ló kù, ó sì kéré, ó ya Onkeo lẹ́nu bó ṣe kéré tó.

Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹ̀rọ wọ ojú ilẹ̀ náà. Kò sí irin òpó kan mọ́ níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀rọ ké.

Igbe yẹn gan-an ni. Onkeo mọ̀ ọ́n. Òun ló ti ń gbọ́ láti ọdún mọ́kànlá nígbà tó bá ti oko dé, tó fi ń gbá Ajá lórí. Ó tún ké lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ òsì. Ó tún ké lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá wọn sì ki igi pupa mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó wá sẹ́bàá okùn.

"Mẹ́ta ló kù, Ìyá. Ọ̀kan ò wọlẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Kí lẹ ń ṣe níbi tí igi tó wà lọ́tùn-ún yẹn wà?"

Onkeo wo ibẹ̀. Bounlop ló dá obìnrin náà lóhùn.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń so àwọ̀n ìsùn ọmọ sí," ló wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n so tìyàwó mi sí."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àwa Yorùbá ń sọ ọ́ ní ìrọ̀rùn. Èmi kò lè sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fojú inú rí Onkeo níbi okùn pupa yẹn.

Wọ́n mú kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú lọ́sàn-án, wọ́n yẹ ilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ká okùn wọn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Onkeo lọ mú Ajá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ ojú ilẹ̀ náà, ó ń fì í lọ sọ́tùn-ún, sósì, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bó ṣe fì í lóko Khamsing lọ́dún tí Khamsing kú. Ajá ò ké. Ó fì í dé ibi tí òpó kẹjọ wà. Ajá ò ké. Kò tíì dákẹ́ nílé yìí rí.

Onkeo pa á, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ náà. Bounlop wá bá a. Onkeo ti ń retí pé Bounlop á sọ ọ́, lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni ni yóò sọ ọ́. Òun ni ìbá jẹ́, ì bá ti sọ ọ́ títí gbogbo abúlé á fi mọ̀ ọ́n lórí.

"Bounlop," ló wí. "O sọ fún mi."

"Kí ni mo sọ, Màmá?"

"O ní kí o gbé Ajá yí ibẹ̀ ká. Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Bounlop bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ náà, ó ń fi ọwọ́ nu amọ̀ ìdí àwo rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, kò yára.

"Mi ò rántí," ló wí.

"O rántí."

Bounlop nu ún tán. Ó na ọwọ́ kejì sí i láti fà á dìde. "Lamngeun ti jí," ló wí. "Sengdao ní kí ẹ wá tún iná ṣe. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí òun gbà kó fọwọ́ kàn án."

Onkeo di ọwọ́ náà mú, ṣùgbọ́n kò dìde. Wọ́n wà níbẹ̀ títí Phout fi yọ lójú ọ̀nà, tó ń pè wọ́n sídìí iná.